Orúkọ Ìdílé Nietzsche: Àyẹ̀wò Lámèyítọ́ lórí Orísun àti Ìwọ́pọ̀ Orúkọ Jámánì Kan

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí yẹ orúkọ ìdílé Nietzsche wò láti ọ̀nà méjì: ibi tí orúkọ náà ti ṣẹ̀, àti bí ó ṣe wọ́pọ̀ tó ní ilẹ̀ Jámánì lóde òní. Ó fi hàn pé àkọtọ́ ni ó sọ orúkọ náà di ọ̀wọ́n, kì í ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ìpìlẹ̀ náà wọ́pọ̀ gan-an ní ìlà-oòrùn Jámánì. Ó tako àbá pé orúkọ náà jẹ́ ẹ̀rí ìran ọlọ́lá ilẹ̀ Pólàǹdì, ó sì gbé ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Jámánì ń gbà ka orúkọ ìdílé sórí òṣùwọ̀n. Ìparí èrò rẹ̀ ni pé ẹni tí kò bá tíì yanjú ọ̀rọ̀ orísun kò lè ka iye, nítorí orísun ni ó ń sọ ohun tí a ń kà. Ẹ̀kọ́ yìí kan iṣẹ́ lórí orúkọ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà.

1.0 Ìfáàrà

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí bá orúkọ àbísọ Yorùbá mu, nítorí pé ẹni tí ó sọ ọmọ lórúkọ mọ ohun tí ó ń wí, ẹni tí ó gbọ́ orúkọ náà sì lè tú u. Orúkọ ìdílé ilẹ̀ Yúróòpù kò rí bẹ́ẹ̀. Jíjogún ni wọ́n ń jogún rẹ̀. Ìtumọ̀ tí ó ní ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi pe baba-ńlá kan ti kúrò lórí ahọ́n àwọn tí ń jẹ́ ẹ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ orísun irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kò lè bi onílé léèrè kí ó sì gba ìdáhùn rẹ̀ bí ẹ̀rí. Inú ìró, ìhun àti àkọtọ́ orúkọ náà ni yóò ti wá a.

Ìbéèrè méjì ni àwọn ènìyàn sábà máa ń bi onímọ̀ ẹ̀dá-èdè nípa orúkọ ìdílé: níbo ni ó ti wá, àti pé ènìyàn mélòó ni ó ń jẹ́ ẹ? Wọ́n ti máa ń dáhùn ìbéèrè kìn-ín-ní nínú ìwé atúmọ̀ orúkọ, wọ́n sì ń fi kọ̀ǹpútà dáhùn ìkejì, bí ẹni pé ìkan kò kan èkejì. Ìpínyà yìí ni àbùkù tí iṣẹ́ yìí fẹ́ tọ́ka sí. Orúkọ Nietzsche dára fún àpẹẹrẹ nítorí ìdí méjì. Òkìkí onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Friedrich Nietzsche (1844–1900) mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé orúkọ tí kò ní ẹgbẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí ó ń jẹ́ ẹ fúnra rẹ̀ sọ ìtàn kan nípa orísun rẹ̀ tí ẹ̀dá-èdè kò gbè lẹ́sẹ̀.

2.0 Ìhun orúkọ náà

2.1 Ìpè àti àkọtọ́

Lẹ́tà mẹ́sàn-án ni ó wà nínú Nietzsche, ṣùgbọ́n ìró mẹ́rin péré ni wọ́n dúró fún: kọ́ńsónáǹtì n, fáwẹ̀lì i gígùn, kọ́ńsónáǹtì tʃ, àti fáwẹ̀lì aláìlágbára tí ó parí rẹ̀. Lẹ́tà méjì, ie, ni wọ́n fi kọ fáwẹ̀lì gígùn. Lẹ́tà márùn-ún, tzsch, ni wọ́n fi kọ kọ́ńsónáǹtì kan ṣoṣo. Ìsokọ́ra lẹ́tà márùn-ún yìí kì í ṣe àṣà gbogbo ilẹ̀ Jámánì. Sachsen àti àwọn agbègbè tí ó múlé gbè é ni ó ti wọ́pọ̀, bí orúkọ ìlú Delitzsch ti fi hàn. Ìbátan rẹ̀, zsch, ni ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìlú Zschopau. Agbègbè tí àwọn tí ń sọ èdè Slavic ti gbé tẹ́lẹ̀ ni ibẹ̀ ń ṣe. Ní Schlesien tí ó wà ní ìlà-oòrùn, Nitsche ni wọ́n sábà máa ń kọ orúkọ kan náà. Nípa bẹ́ẹ̀, kí ènìyàn tó sọ ohunkóhun nípa ìtumọ̀, àkọtọ́ nìkan ti tọ́ka sí ilé-ìwé àwọn akọ̀wé tí ó kọ orúkọ náà sílẹ̀.

2.2 Ìpìlẹ̀

Àwọn onímọ̀ orúkọ ilẹ̀ Jámánì fẹnu kò pé orúkọ ẹni mímọ́ Nikolaus ni ó wà ní ìdí Nietzsche. Èdè Gíríìkì ni Nikolaus ti wá, láti inú ọ̀rọ̀ méjì tí ó túmọ̀ sí ìṣẹ́gun àti àwọn ènìyàn. Ní ọdún 1087 ni wọ́n gbé egungun ẹni mímọ́ náà láti Myra lọ sí Bari ní ilẹ̀ Ítálì, òkìkí rẹ̀ sì tàn ká Yúróòpù lẹ́yìn náà. Àìmọye ọmọ ni wọ́n sọ ní orúkọ rẹ̀.

Orúkọ gígùn kì í pẹ́ kí ó tó gé kúrú lẹ́nu ará ilé. Bí Adébọ̀wálé ṣe ń di Débọ̀ níwájú tàbí Wálé lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni Nikolaus di Klaus nígbà tí wọ́n gé e níwájú, tí ó sì di Nickel tàbí Nitz nígbà tí wọ́n gé e lẹ́yìn. Ní ìlà-oòrùn odò Saale, níbi tí àwọn Jámánì tí ó ṣí wá láti sẹ́ńtúrì kejìlá ti ń gbé pọ̀ mọ́ àwọn Sorb àti àwọn ẹ̀yà Slavic mìíràn, àfòmọ́ ìpari kan kún orúkọ àgékúrú wọ̀nyí. Ìró ʃ ni ó jẹ́ egungun àfòmọ́ náà. Àwọn èdè Slavic máa ń fi irú rẹ̀ ṣe orúkọ ìkẹ́, bí èdè Czech ṣe yọ Mikeš láti ara Mikuláš, àti Beneš láti ara Benedikt. Láti ara Nikolaus ni Nitsche, Nitzsche àti Nietzsche ti jáde; nígbà tí àfòmọ́ ìkẹ́ mìíràn tí ó ní k kún un, Nitschke jáde.

2.3 Ẹ̀rí láti inú ọ̀wọ́

Orúkọ kan ṣoṣo kò tó láti fi ìdí àlàyé múlẹ̀. Agbára àlàyé yìí wà nínú ọ̀wọ́ orúkọ tí ó tẹ̀lé ìlànà kan náà:

Friedrich → Fritz → Fritzsche
Dietrich → Dietz → Dietzsch
Konrad → Kunz → Kuntzsch
Nikolaus → Nitz → Nitzsche, Nietzsche

Ohun tí ó ṣe pàtàkì nínú ọ̀wọ́ yìí ni pé Friedrich, Dietrich àti Konrad kì í ṣe orúkọ Slavic rárá. Ìpìlẹ̀ Jámánì pọ́nńbélé ni wọ́n ní. Síbẹ̀, àfòmọ́ kan náà ni ó lẹ̀ mọ́ wọn. Ìyẹn ni pé nígbà tí orúkọ wọ̀nyí ń jáde, àfòmọ́ náà ti di ohun-èlò inú ẹ̀ka-èdè Jámánì ti agbègbè náà, ẹnikẹ́ni sì lè lò ó, yálà Sorb ni tàbí Jámánì. Yorùbá ní ìdà kejì rẹ̀: nínú onímọ́tò, àfòmọ́ ìbílẹ̀ lẹ̀ mọ́ ìpìlẹ̀ àyálò; nínú Fritzsche, àfòmọ́ àyálò ni ó lẹ̀ mọ́ ìpìlẹ̀ ìbílẹ̀. Kò sí èyí tí ó sọ ìran ẹni tí ó ń lò ó nínú méjèèjì.

Ọ̀wọ́ yìí náà ni a fi ń mọ àlàyé èké. Ẹni tí ó gbọ́ pé nic túmọ̀ sí òfo tàbí asán ní èdè Polish lè tètè so ó pọ̀ mọ́ Nietzsche, pàápàá nítorí ohun tí onímọ̀ ìjìnlẹ̀ náà kọ nípa ìgbàgbọ́ nínú òfo. Ṣùgbọ́n àlàyé bẹ́ẹ̀ kò lè sọ ìdí tí Fritzsche àti Dietzsch fi ní ìparí kan náà. Àlàyé tí ó bá orúkọ kan mu tí kò sì lè ran ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ìjọra ìró lásán ni.

3.0 Ìtàn ìdílé àti ẹ̀rí ẹ̀dá-èdè

Friedrich Nietzsche gbà gbọ́ pé ọmọ ìran àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Pólàǹdì ni òun. Ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà tí ó fi ránṣẹ́ sí Georg Brandes ní 1888, ó sì tún kọ ọ́ sínú Ecce Homo, ìwé tí ó kọ ní ọdún kan náà ṣùgbọ́n tí wọn kò tẹ̀ jáde títí di 1908. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn náà ti wí, orúkọ kan tí ó parí sí -ky ni ó yí padà di Nietzsche. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ti tún ìtàn yìí sọ bí òtítọ́, wọ́n sì ń tọ́ka sí ìró Slavic inú orúkọ náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.

Ẹ̀rí náà kò dúró. Lákọ̀ọ́kọ́, àfòmọ́ kò túmọ̀ sí ẹ̀yà, gẹ́gẹ́ bí ìpín 2.3 ti fi hàn. Lọ́nà kejì, -ski tàbí -cki àwọn orúkọ Polish jẹ́ ìparí ọ̀rọ̀ àpèjúwe, ara orúkọ ilẹ̀ tàbí ìlú ni ó sì ti sábà máa ń jáde. Kí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ tó di Nietzsche, ó ní láti pàdánù k rẹ̀ pátápátá. Nínú àwọn orúkọ tí ó ti Polish wọ Jámánì, ìparí yìí kì í parẹ́ bẹ́ẹ̀. -Ski tàbí -sky ni ó sábà máa ń wà títí dòní. Lọ́nà kẹta, ìtàn ìdílé fúnra rẹ̀ tako ó. Bàbá-bàbá onímọ̀ ìjìnlẹ̀ náà, Friedrich August Ludwig Nietzsche, ni wọ́n bí sí Bibra ní 1756, ó sì di àlùfáà ìjọ Luther. Nígbà tí Max Oehler, ìbátan rẹ̀ tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìpamọ́ ìwé Nietzsche ní Weimar, tọ àwọn baba-ńlá náà lẹ́sẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1930, orúkọ Jámánì ni ó bá lórí wọn.

Ṣùgbọ́n lámèyítọ́ kò gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀ yẹn. Àkókò tí Oehler ṣe ìwádìí rẹ̀ ni ìjọba Násì ń béèrè ìwé ìran lọ́wọ́ àwọn ará ìlú, tí òfin Nuremberg ti 1935 sì fi ìran pín ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ìlú àti ẹni tí kì í ṣe é. Ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni kí orúkọ dún bíi ti Jámánì tàbí kí ó má dún bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Bí a bá wá fi ojú ẹ̀dá-èdè wò ó, ẹni tí ó sọ pé Nietzsche fi ẹ̀jẹ̀ Jámánì pọ́nńbélé hàn ṣe àṣìṣe kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó sọ pé ó fi ẹ̀jẹ̀ Polish hàn. Ìpìlẹ̀ Gíríìkì, àfòmọ́ Slavic àti àkọtọ́ Sachsen ni ó pàdé nínú orúkọ náà. Ìtàn ìfarakínra èdè ni orúkọ náà ń sọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìran ẹnì kan, kí ó lọ wo ìwé ìrìbọmi ìjọ.

4.0 Ọ̀rọ̀ ìwọ́pọ̀

4.1 Ibi tí iye ti ń wá

Ilẹ̀ Jámánì ní iṣẹ́ ńlá kan lórí ìtànkálẹ̀ orúkọ ìdílé: Deutscher Familiennamenatlas, tí Konrad Kunze àti Damaris Nübling ṣe olóòtú rẹ̀, tí ó jáde ní ìdìpọ̀ méje láàrin 2009 sí 2018. Ìdìpọ̀ méjì àkọ́kọ́ dá lórí fáwẹ̀lì àti kọ́ńsónáǹtì, ìkẹta lórí ìhun. Lẹ́yìn náà ni ó tó kan ìtumọ̀. Ètò yìí yẹ fún ìyìn, nítorí ó fi hàn pé orúkọ jẹ́ ẹ̀rí fún fonọ́lọ́jì àti mofọ́lọ́jì gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ èyíkéyìí mìíràn. Láti inú àkójọ àwọn tí ó ní tẹlifóònù ilé ní 2005 ni wọ́n ti kó fọ́nrán jọ: ó lé ní mílíọ̀nù 28 ẹ̀rọ, tí orúkọ ìdílé tí ó yàtọ̀ síra lé ní 850,000 nínú wọn.

Nígbà náà, nǹkan bí mílíọ̀nù 82 ni iye ènìyàn ilẹ̀ Jámánì. Bí a bá pín in, ènìyàn bí 2.9 ni ó wà fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Iye yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi sọ ẹ̀rọ di ènìyàn. Fún Müller, Schmidt tàbí Schneider, tí ó wọ́pọ̀ jù lọ, ìṣirò yìí kò léwu, nítorí ilé ńlá àti ilé kékeré á dọ́gba síra wọn. Fún orúkọ ọ̀wọ́n, kò rí bẹ́ẹ̀. Ká ní ogún ẹ̀rọ péré ni orúkọ kan ní; ìṣirò náà á sọ pé ènìyàn 58 ni. Bí ó bá jẹ́ pé àgbàlagbà tí ń dá gbé ni ó pọ̀ nínú wọn, ó lè má ju 30 lọ. Àárín-gbùngbùn iye ilẹ̀ kan kò lè sọ bí ìdílé kan ṣe rí.

Òfin náà dá kún un. Láti ìgbà tí òfin ti 1994 ti gba tọkọtaya láyè kí oníkálukú di orúkọ tirẹ̀ mú, ilé kan lè ní orúkọ méjì, bẹ́ẹ̀ sì ni orúkọ kan ni ó sábà máa ń wà lórí ẹ̀rọ. Ìyípadà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún 2025 tún fẹ ọ̀nà fún orúkọ alápapọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń lo tẹlifóònù alágbèéká nìkan kò sí nínú fọ́nrán 2005. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń sọ iye òde òní láti inú fọ́nrán náà gbọ́dọ̀ kọ 2005 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

4.2 Kí ni orúkọ kan?

Èyí ni ibi tí orísun àti iye ti pàdé. Ní Prussia ní 1874, àti ní gbogbo ilẹ̀ Jámánì ní 1876, ni ìforúkọsílẹ̀ ti ìjọba bẹ̀rẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, etí ni akọ̀wé ìjọ fi ń kọ orúkọ; bàbá lè jẹ́ Nitsche nínú ìwé, kí ọmọ jẹ́ Nitzsche, kí ọmọ-ọmọ sì jẹ́ Nietzsche. Ìforúkọsílẹ̀ ni ó sọ ohun tí akọ̀wé kọ di ohun tí kò ṣeé yí padà. Láti ọjọ́ náà lọ, ìyàtọ̀ àkọtọ́ di ìyàtọ̀ orúkọ.

Bí ènìyàn bá ka Nietzsche nìkan, orúkọ tí kò wọ́pọ̀ ni yóò rí, tí ó kéré púpọ̀ sí Nitsche àti Nitzsche, tí ó sì kó jọ sí agbègbè Sachsen àti Sachsen-Anhalt. Bí ó bá ka gbogbo ẹbí náà pọ̀, orúkọ tí ó wọ́pọ̀ ní gbogbo ìlà-oòrùn ni yóò rí. Ìdáhùn méjèèjì tọ̀nà, ṣùgbọ́n ìbéèrè wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìdáhùn kìn-ín-ní ń sọ ìtàn àwọn akọ̀wé. Ìkejì ń sọ ìtàn orúkọ. Àbùkù tí ó wọ́pọ̀ ni kí ènìyàn ka gẹ́gẹ́ bí ti kìn-ín-ní, kí ó sì túmọ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ti ìkejì.

Iṣẹ́ tí ó tẹ̀lé atlas náà, ìwé atúmọ̀ orúkọ ìdílé orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Mainz ní 2012, fẹ́ ṣàlàyé nǹkan bí orúkọ 200,000, ìyẹn àwọn tí ó ní ó kéré tán ẹ̀rọ mẹ́wàá. Ó bójú mu, nítorí iṣẹ́ náà pọ̀. Ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé nǹkan bí 650,000 ọ̀nà-ìkọ wà ní abẹ́ ààlà náà. Díẹ̀ nínú wọn jẹ́ àṣìṣe ìtẹ̀wé, àwọn mìíràn jẹ́ orúkọ àjèjì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àwọn mìíràn sì jẹ́ orúkọ àtijọ́ tí ó kù sí ọwọ́ ìdílé kan tàbí méjì. Inú àwọn tí ó kẹ́yìn yìí ni ẹ̀rí ẹ̀ka-èdè tí ó ti kú lè wà.

4.3 Máàpù àti àwọn tí kò sí nílé mọ́

Máàpù òde òní kò lè fi ilé tí ènìyàn ti sá kúrò hàn. Lẹ́yìn 1945, Schlesien di ara Pólàǹdì, nǹkan bí mílíọ̀nù 12 Jámánì ni wọ́n sì sá tàbí tí wọ́n lé kúrò ní àwọn ilẹ̀ ìlà-oòrùn. Àwọn Nitsche àti Nitschke tí a rí lónìí ní ìwọ̀-oòrùn Jámánì kò hù níbẹ̀. Ẹni tí ó bá wo máàpù 2005 nìkan lè rò pé orúkọ náà ní ojúko púpọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ojúko rẹ̀ gan-an wà lẹ́yìn ààlà. Àtúnṣe kan wà: ìwé orúkọ àwọn ọmọ-ogun Jámánì tí ó kú, tí ó fara gbọgbẹ́ tàbí tí ó sọnù nínú Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, tí àwọn olùfọkànsìn ti kọ sórí kọ̀ǹpútà, ó lé ní mílíọ̀nù 8, ọ̀pọ̀ nínú wọn pẹ̀lú ibi tí ẹni náà ti wá. Ọkùnrin nìkan ni ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi ìtànkálẹ̀ hàn ṣáájú ìfọ́nká. Ẹni tí ó bá gbé máàpù méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni ó lè sọ̀rọ̀ nípa ojúko.

5.0 Ohun tí ó kan iṣẹ́ orúkọ ní agbègbè yìí

Ìwádìí orúkọ Yorùbá ti lọ jìnnà ní ti ìhun àti ìtumọ̀, láti ìwé Modupe Oduyoye ti 1972 dé ìwé atúmọ̀ orúkọ tí Adébóyè Babalọlá àti Olúgbóyèga Àlàbá tẹ̀ jáde ní 2003, àti àkójọ YorubaName tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀ ní 2015. Ìtumọ̀ ni agbára wọn. Ìwọ́pọ̀ àti ìtànkálẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n gbé lé iwájú. Nígbà tí kíkà bá bẹ̀rẹ̀, ọ̀fìn tí ó wà ní ọ̀nà Nietzsche wà níbí pẹ̀lú.

Ṣóbọ̀wálé ni a lè fi ṣe àpẹẹrẹ. Lórí ìwé ìjọba Nàìjíríà, ó lè jẹ́ Sobowale tàbí Shobowale. Lójú kọ̀ǹpútà, orúkọ méjì ni. Ní Orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí àkọtọ́ Faranse ti gbilẹ̀, ṣ sábà máa ń di ch, u sì máa ń di ou, tí Ògún fi di Ogoun. Máàpù tí ó bá ka ọ̀nà-ìkọ lásán yóò fa ìlà kan láàrin Nàìjíríà àti Benin, ẹni tí kò bá fura yóò sì pe ìlà náà ní ààlà ẹ̀ka-èdè. Ààlà àwọn òyìnbó amúnisìn ni. Àṣìṣe ìdà kejì tún wà: àkọtọ́ tí kò ní àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ lè kó orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pọ̀ sí ojú kan, bí Ọlá àti Ọlà ṣe lè di Ola.

Ní ti orísun àti ìran, àpẹẹrẹ kò jìnnà. Ní ìrìbọmi rẹ̀ ní 1825 ni Àjàyí gba orúkọ Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan. Bí ẹnì kan bá fi Crowther wá ìran ìdílé náà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ni yóò bá níbẹ̀, kò ní bá ìbátan. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni da Silva àwọn Àgùdà ti Èkó kò sọ ọ́ di dandan pé ọmọ Potogí ni baba-ńlá wọn. Ní àríwá Nàìjíríà, orúkọ ìlú ni ó sábà máa ń di orúkọ ìdílé, bí Tafawa Balewa. Ibi tí ẹni náà ti wá ni ó ń sọ, kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ẹ̀yà rẹ̀. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fi orúkọ mọ ẹni tí ó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ àti ẹni tí ó jẹ́ àlejò. Onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ni wọn yóò bi nígbà tí ìjà bá dé, ó sì yẹ kí ó mọ ibi tí ẹ̀rí rẹ̀ parí sí.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

Nietzsche jẹ́ ọ̀wọ́n gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà-ìkọ, ó sì wọ́pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀. Kò fi ìran Polish hàn, kò sì fi ìran Jámánì pọ́nńbélé hàn. Ó fi hàn pé èdè méjì gbé pọ̀ fún ìgbà pípẹ́, àti pé akọ̀wé Sachsen ni ó kọ ohun tí ó gbọ́. Atlas ilẹ̀ Jámánì ni àwòkọ́ṣe tí ó dára jù lọ tí ó wà lárọ̀ọ́wọ́tó fún ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, níwọ̀n ìgbà tí onítọ̀hún bá ṣe nǹkan mẹ́ta: kí ó kó àwọn ọ̀nà-ìkọ jọ sábẹ́ ìpìlẹ̀ wọn kí ó tó kà, kí ó kọ ọdún àti irú fọ́nrán sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo iye, kí ó má sì fi orúkọ dájọ́ ìran. Láìsí èkínní, iye tí ó bá rí yóò jẹ́ iye akọ̀wé. Láìsí èkejì, yóò jẹ́ iye àná tí a ń pè ní ti òní. Láìsí ẹ̀kẹta, ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè yóò di ohun ìjà lọ́wọ́ ẹni tí ń wá ẹni tí yóò lé kúrò nílé.